Ẹ Má Fi Ọjọ́ Mẹ́rin Ra 600 Kìlómítà

Ìmọ̀ràn kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo ẹni tó ti lọ ṣe síkì lórí àwọn òkè Alps rí: "Wá abúlé tó ga jù, wá èyí tí ojú ọ̀nà síkì rẹ̀ pọ̀ jù, kó o sì rí i pé ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì ni wàá ti máa wọ síkì rẹ." Àwọn tó ń ta ìrìnàjò ní London ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ wa tó bá àwọn ará ibiṣẹ́ wọn lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo náà ń kà á síni létí bí ẹni ń ka òfin. Tí ilé ìwé bá wá fún àwọn ọmọ ní ìsinmi àárín táàmù ní oṣù Kejì, tí tọkọtaya kan ní Peckham tàbí Woolwich ní àwọn fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́rin kó ọmọ lọ sórí yìnyín, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi dárúkọ Val Thorens. Òun ló ga jù lọ ní Yúróòpù, wọ́n á ní, inú Les Trois Vallées tó ní 600 kìlómítà ojú ọ̀nà ló sì wà. Ta ni yóò gbọ́ irú èyí tí kò ní tọwọ́ bàpò?

Kí wọ́n má tọwọ́ bàpò o. Ìmọ̀ràn yìí kò burú fún ẹni tó ní odindi ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́. Fún ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, òfò pátápátá ni. Yóò san owó ohun tí kò ní lò, yóò sì fi èyí tó pọ̀ nínú ọjọ́ tó ní jókòó sínú mọ́tò. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ìsinmi kúkúrú ní irú abúlé tó tọ́ sí i, wákàtí la sì fi ń yan abúlé náà, kì í ṣe gíga, kì í ṣe kìlómítà.

Ibi tí ìmọ̀ràn yìí ti ṣẹ̀ yẹ ká mọ̀. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, ìjọba Faransé gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Plan Neige. Wọ́n fẹ́ kí owó àwọn àlejò wọlé, wọ́n sì fẹ́ kí iṣẹ́ wà lórí òkè kí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ má baà ṣí lọ tán. Wọn kò lo àwọn abúlé àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀. Òkè lókè lọ́hùn-ún ni wọ́n lọ, níbi tó jẹ́ pé olùṣọ́ màlúù nìkan ló ń dé ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì kọ́ ìlú tuntun síbẹ̀. Avoriaz ṣílẹ̀kùn ní 1966, Les Arcs ní 1968, Val Thorens náà sì tẹ̀ lé wọn, ní 2,300 mítà. Àwọn tó ya àwòrán ilé náà ṣètò rẹ̀ kí àlejò lè jáde láti ilé bọ́ sórí yìnyín. Gbogbo rẹ̀ ló sì dá lórí ọ̀sẹ̀ kan gbáko: láti Sátidé dé Sátidé ni wọ́n ń háyà yàrá, ọjọ́ mẹ́fà ni páàsì ẹ̀rọ agbénigòkè, ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ síkì fún ọmọdé. Ní 1977, Ààrẹ Valéry Giscard d'Estaing sọ̀rọ̀ kan ní Vallouise tó fi òpin sí irú ìkọ́lé bẹ́ẹ̀. Ètò náà kásẹ̀ nílẹ̀. Ìmọ̀ràn tí ó bí kò kásẹ̀ nílẹ̀ ní tirẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú olówó pọ́ọ́kú ti sọ ìrìnàjò síkì di ohun tí ènìyàn lè ṣe láti Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́ Àìkú, síbẹ̀ ọgbọ́n ọlọ́sẹ̀ kan ni a ṣì ń tà fún ọlọ́jọ́ mẹ́rin.

Ẹ bá mi ka wákàtí ọ̀hún. Ẹ balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Geneva ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kejì. Bí ojú ọ̀nà bá dá, ìrìn nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ni Val Thorens. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kì í dá ní Sátidé oṣù Kejì, nítorí pé ọjọ́ yẹn gan-an ni àlejò ọ̀sẹ̀ tó kọjá ń sọ̀ kalẹ̀ tí àlejò ọ̀sẹ̀ tuntun ń gòkè. Àwọn ọmọ ilé ìwé Faransé fúnra wọn náà máa ń wà nínú ìsinmi lásìkò yìí, àgbègbè kan lẹ́yìn òmíràn. Inú àfonífojì tóóró tó wà láàárín Albertville àti Moûtiers ni gbogbo wọn ti ń pàdé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì dé. Tí ẹ bá jàjà dé Moûtiers, ó ṣì ku kìlómítà tó lé ní 30, gbogbo rẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ tó ń gun òkè. Bí yìnyín bá ń bọ́ lálẹ́ yẹn, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ létí títì, ẹ ó máa fi ọwọ́ tó ti kú so ṣéènì mọ́ táyà. Nígbà tí ẹ bá fi gba kọ́kọ́rọ́ yàrá, ilẹ̀ ti ṣú, ṣọ́ọ̀bù tó ń yáni ní bàtà síkì sì ti kún fọ́fọ́. Ọjọ́ kìíní ti lọ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ ó padà ńkọ́? Tí ọkọ̀ òfurufú bá máa gbéra ní ọ̀sán, àárọ̀ kùtù ni ẹ ó ti máa sọ̀ kalẹ̀ nítorí ẹ̀rù ọ̀nà kan náà. Ọjọ́ mẹ́rin di méjì.

Ẹ wá jẹ́ ká balẹ̀ sí Geneva yìí kan náà, ká yà sí Morzine ní Faransé. Kò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ, títí dé wákàtí kan ààbọ̀. Abúlé tó ti wà kí síkì tó dé ni Morzine, 1,000 mítà péré ló fi ga, ọkọ̀ orí okùn tó ń lọ sí òkè Pléney sì gbéra láti àárín ìlú. Ẹni tó balẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lè jẹun ọ̀sán kó sì wà lórí yìnyín kí oòrùn tó rọlẹ̀. Tàbí ká kọjá sí Austria, ká balẹ̀ sí Innsbruck, níbi tí pápákọ̀ òfurufú kò ti ju kìlómítà mélòó kan sí àárín ìlú. Láti àárín ìlú yìí, rélùwéè kékeré tí Zaha Hadid ya àwòrán àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀, tó ṣí ní 2007, yóò gbé yín lọ pàdé ọkọ̀ orí okùn tó ń lọ sórí Nordkette, tó ga ju 2,200 mítà lọ. Òkè yẹn dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kì í ṣe ti ọ̀gbẹ̀rì. Kí ọ̀gbẹ̀rì kọjá sí abúlé Igls ní apá kejì ìlú, ní ẹsẹ̀ òkè Patscherkofel, níbi tí Franz Klammer ti gba wúrà Òlíńpíìkì nínú eré síkì ní 1976. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín irú ibi wọ̀nyí àti Val Thorens lè tó odindi ọjọ́ kan tí a bá ka àlọ àti àbọ̀ pọ̀. Nínú ọjọ́ méje, ọjọ́ kan ṣeé fara dà. Nínú mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rin ìsinmi yín ni.

Wọ́n á dáhùn pé ẹni tó bá fara da ọ̀nà á rí èrè rẹ̀ níwájú: 600 kìlómítà! Ẹni mẹ́ta kì í pa màlúù jẹ oúnjẹ alẹ́. Ẹni tó ń fi gbogbo ọdún jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, tó wá wọ bàtà síkì fún ọjọ́ mẹ́ta, itan rẹ̀ yóò ti máa gbóná kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Ojú ọ̀nà márùn-ún tàbí mẹ́fà tó bá a lára mu ni yóò máa yọ̀ gba orí wọn lọ, tí yóò máa yọ̀ gba orí wọn bọ̀. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní kíláàsì àwọn olùbẹ̀rẹ̀ kò ní kúrò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré kan tí kò gùn ju pápá bọ́ọ̀lù méjì lọ. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ti tan baba rẹ̀ láti ra páàsì gbogbo àfonífojì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dípò ti abúlé kan, owó 600 náà ló san.

Ìṣirò kìlómítà yìí fúnra rẹ̀ pàápàá kò ṣeé gbára lé. Ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Christoph Schrahe jókòó wọn ojú ọ̀nà síkì àwọn ibùdó ńláńlá, èsì rẹ̀ sì di ariwo ní 2013. Àwọn 4 Vallées ní Switzerland, tí Verbier wà nínú wọn, ń polówó 412 kìlómítà nígbà náà. 164 ni Schrahe bá níbẹ̀. Ohun tí àwọn ibùdó kan ń ṣe ni pé wọn kì í wọn ọ̀nà tààrà, gbogbo ìyí ọ̀tún àti òsì tí ènìyàn ń yí bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ń rò mọ́ ọn. Gíga náà ní àbùlà tirẹ̀. Courchevel 1850 ni wọ́n ń pe apá tó gbówó lórí jù ní ibùdó síkì Courchevel ní Faransé, bẹ́ẹ̀ àárín ìlú ọ̀hún kò ju nǹkan bíi 1,750 mítà lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n. Ẹni tó ń fi irú nọ́ńbà wọ̀nyí yan ibi tí yóò sùn, pátákó ìpolówó ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ìtóbi tún ní ewu kan tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Ẹ̀rọ tó so àfonífojì kan pọ̀ mọ́ èkejì máa ń ṣíwọ́ ní ìrọ̀lẹ́, nǹkan bí aago mẹ́rin sí mẹ́rin ààbọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú rí gbogbo ohun tó sanwó rẹ̀ yóò yọ̀ lọ jìnnà, ẹsẹ̀ á wúwo, ìlà á gùn nídìí ẹ̀rọ, ti ìkẹyìn á sì lọ lójú rẹ̀. Láti Méribel, abúlé mìíràn nínú Les Trois Vallées, dé Val Thorens, òkè kan péré ló wà láàárín wọn fún ẹni tó wọ síkì. Fún ẹni tó wọ takisí, ó di dandan kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Moûtiers kó tó tún padà gòkè. Owó takisí yẹn á dùn ún ju ìṣubú èyíkéyìí lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá dojú kọ ọ̀rọ̀ gíga, nítorí òun ni odi agbára wọn. Wọ́n ní ibi tó ga ni yìnyín ti dájú. Òótọ́ ni pé bí a bá fi 1,000 mítà gòkè, òtútù máa ń fi nǹkan bíi 6.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius pọ̀ sí i. Òótọ́ sì ni pé ayé ń gbóná, òjò sì ń rọ̀ báyìí ní àwọn abúlé ìsàlẹ̀ kan níbi tí yìnyín ti ń bọ́ tẹ́lẹ̀. N kò jiyàn ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá tàbí ìparí oṣù Kẹrin ni ẹ fẹ́ lọ, ẹ lọ sókè, kí ẹ má wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ńlá kan wà nínú àríyànjiyàn wọn: wọ́n ń da gíga ibùsùn pọ̀ mọ́ gíga ojú ọ̀nà síkì. Orí bẹ́ẹ̀dì kọ́ la ti ń ṣe síkì.

Ẹ wo Engelberg ní Switzerland. Abúlé náà kò ga ju nǹkan bíi 1,000 mítà lọ, ilé àwọn mọ́ńkì kan tó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ọdún wà níbẹ̀, rélùwéè láti Luzern sì ń dé ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú 43. Láti abúlé yìí ni ọkọ̀ orí okùn ti ń gbéni lọ sórí Titlis, ó lé ní 3,000 mítà, lórí yìnyín ayérayé. Ẹ wo Kaprun ní Austria, tí kò tó 800 mítà. Láti 2019, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ orí okùn láàárín ìlú kékeré náà kó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ títí yóò fi dé 3,029 mítà lórí Kitzsteinhorn, láìwọ bọ́ọ̀sì kankan. Ẹ wo Bourg-Saint-Maurice ní Faransé, níbi tí ojú irin parí sí. Rélùwéè orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ rẹ̀ tó ń fi ìṣẹ́jú méje gbéni dé Arc 1600 ní Les Arcs, láti ibẹ̀ sì ni a ti ń lọ sí Aiguille Rouge tó ga ju 3,200 mítà lọ. Àwọn tó sùn nísàlẹ̀ àti àwọn tó sùn lókè, orí yìnyín kan náà ni wọ́n jọ ń yọ̀.

Àǹfààní mìíràn tún wà nísàlẹ̀, ọlọ́jọ́ mẹ́rin ló sì nílò rẹ̀ jù. Ní àwọn òkè Alps, igi máa ń tán ní nǹkan bíi 1,800 sí 2,200 mítà. Ní Val Thorens, kò sí igi kan ṣoṣo. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára, ibẹ̀ lẹ́wà. Nígbà tí ìkùukùu bá bò ó tí yìnyín sì ń bọ́, funfun ni ilẹ̀, funfun ni ọ̀run, ojú kò sì lè mọ ibi tí ilẹ̀ ti dà àti ibi tó ti tẹ́jú. Bí ẹ̀fúùfù bá tún le, wọ́n á dá àwọn ẹ̀rọ tó wà lókè dúró. Ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ kan lè jókòó mu tíì títí yóò fi kọjá. Ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́rin kò ní ọjọ́ tí yóò fi dúró dè é. Inú igi ni ibi ààbò irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí igi ń fún ojú ní ohun tó lè dìmú, ó sì ń dí ẹ̀fúùfù lọ́nà. Ìdí nìyí tí àwọn ará àfonífojì Chamonix fi máa ń sá lọ sí Les Houches nígbà tí ojú ọjọ́ bá burú. Àti oorun: ẹni tó ń gbé ní etí odò Thames, tó lọ sùn ní 2,300 mítà lálẹ́ ọjọ́ kan náà, lè jí ní òru pẹ̀lú orí fífọ́ àti ọ̀fun gbígbẹ. Kí ara rẹ̀ tó mọ́ ibẹ̀, ìsinmi ti parí.

Ẹ̀sùn wọn kejì ni pé ẹni tó sùn nísàlẹ̀ yóò máa fi àárọ̀ ru síkì kiri títì, yóò sì tò sí ìlà nídìí ọkọ̀ orí okùn. Ẹ̀sùn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Abúlé ìsàlẹ̀ tí òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jìnnà sí ẹ̀rọ, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ni ènìyàn yóò máa dúró dè nínú òtútù, èmi náà kò ní kí ẹ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ pàdánù ìdajì wákàtí láràárọ̀, wákàtí méjì ni fún ọjọ́ mẹ́rin. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Moûtiers lè gba ìyẹn nìkan lọ́wọ́ yín ní àlọ, kí a tó sọ̀rọ̀ àbọ̀. Ọ̀nà à ti dín ìdajì wákàtí náà kù sì wà: ẹ fi síkì àti bàtà síkì yín sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nídìí ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbà á.

"Ẹni tó mọ síkì dáadáa ńkọ́?" Àwọn náà kò nílò Val Thorens. Kí wọ́n lọ sí St. Anton ní Austria, níbi tí Hannes Schneider ti sọ ẹ̀kọ́ síkì di iṣẹ́ tí ayé mọ̀. Rélùwéè láti Zürich àti láti Innsbruck ń dúró nínú abúlé náà gan-an, ẹsẹ̀ ni wọ́n á sì fi rìn lọ sídìí ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá fẹ́ Chamonix, kò jìnnà sí Geneva rárá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má mú ọ̀gbẹ̀rì dání nítorí pé orúkọ rẹ̀ tóbi, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Òlíńpíìkì Ìgbà Òtútù àkọ́kọ́ ní 1924. Òkè ibẹ̀ fọ́nká, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì le. Kí ibì kan sún mọ́ni nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ bá ẹsẹ̀ ẹni tó ń lọ mu.

Ó tún ku àwọn tí àwọn olùpolówó kì í rántí: ìyá àgbà tó tẹ̀ lé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ, aya tó gbìyànjú síkì ní àárọ̀ kan tó sì ní ó tó gẹ́ẹ́. Ní ìlú tí wọ́n kọ́ nítorí síkì nìkan, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe láti aago mẹ́sàn-án títí di márùn-ún? Ṣọ́ọ̀bù síkì, ilé oúnjẹ, yàrá. Ní Innsbruck, ọjà àti ìlú àtijọ́ wà níbẹ̀. Ní Engelberg, rélùwéè lè gbé wọn lọ wo adágún Luzern kí wọ́n sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Irú ìlú tó ní ènìyàn tó ń gbé inú rẹ̀ yíká ọdún yìí náà ni òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti máa ń gba àlejò alẹ́ mẹ́ta. Lókè lọ́hùn-ún, nígbà tí ọwọ́ èrò bá dí, ọ̀pọ̀ onílé kò ní gbà ju Sátidé sí Sátidé lọ. Ẹ ó sùn fún alẹ́ mẹ́ta, ẹ ó san ti méje.

Nítorí náà, kí ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ kan máa lọ sí Val Thorens, kó sì gbádùn gbogbo kìlómítà tó bá bá níbẹ̀. Kí ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́rin wá abúlé tí kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú, tí ẹ̀rọ rẹ̀ gbéra láàárín ìlú, tí igi wà lórí òkè rẹ̀ fún ọjọ́ burúkú, tí ẹ̀rọ náà sì lè gbé e dé ibi tí yìnyín ti dájú. Ẹni tó bá sì fẹ́ ta ìrìnàjò fún yín, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Lọ́jọ́ tí a bá balẹ̀, aago mélòó ni ẹsẹ̀ wa yóò kan yìnyín?" Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka kìlómítà fún yín, ẹ di owó yín mú, ẹ wá ẹlòmíràn.